Sálúbàtà Ẹsẹ̀ Òsì àti Ọfọ̀ Tí Mo Pè ní Kérálà

Ẹ̀yin ará Bẹyẹrúnkà, àti ẹ̀yin tí ẹ ń gbé òkè Màpó tí ẹ ń wo páànù orí ilé wa látòkè, mo ti dé. Egungun ìbàdí tuntun ni mo fi rìn wọlé, irin ni wọ́n fi ṣe é. Mo gbọ́ pé àwọn kan ń sọ ní Ọjà'ba pé ẹsẹ̀ mi méjèèjì ni wọ́n gé, pé ti ọ̀bọ ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Irọ́ ni. Ìbàdí ọ̀tún nìkan ni. Mo fẹ́ kọ ohun tí ojú mi rí ní Kérálà, ní ìsàlẹ̀ pátápátá ilẹ̀ Índíà, kí ẹ lè gbọ́ ọ lẹ́nu mi kó tó di pé Ìyá Gàní, ìyàwó mi, sọ ọ́ fún yín bó ṣe wù ú.

Ìwé mẹ́rin ni mo kà. Nígbà tó kan ìkarùn-ún, olùkọ́ ló ní kí n máa gbélé kí ara lè tu òun. Nítorí náà ẹ má wo bí mo ṣe kọ ọ́, ohun tí mo kọ ni kí ẹ wò. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ òtítọ́ pọ́ńbélé. Ìdajì tó kù fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òtítọ́.

Índíà tí mo mọ̀

Àwọn àgbà inú yín á rántí pé èmi ni mò ń já tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà ilé sinimá kan nígbà tí gbogbo Ìbàdàn ń wo fíìmù Índíà. Ogún ọdún ni mo fi wò wọ́n lọ́fẹ̀ẹ́ láti ẹ̀yìn kọ́tìnì. Nígbà tí Gàníyù ọmọ mi, tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Agodi, sọ pé ibẹ̀ ni wọ́n á ti tún ìbàdí mi ṣe, mo ní kó fọkàn balẹ̀, mo mọ Índíà. Ọkùnrin á máa kọrin nídìí igi, obìnrin á máa sá yí igi náà ká, òjò á máa rọ̀, bàbá obìnrin á gbé ìbọn jáde.

Òjò nìkan ni mo bá níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi rọ̀ láì sinmi. Ẹja ń wẹ̀ kọjá lẹ́nu ọ̀nà, mo rí ọ̀kan tó dúró tó kí mi. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kọrin. Mo bi awakọ̀ tó gbé wa pé ibo ni wọ́n ti ń kọrin, ó kàn mi orí ni. Orí mímì yẹn kò lọ síwájú bíi bẹ́ẹ̀ ni, kò lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ń fì bí igbá tó léfòó lórí omi. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo lò kí n tó mọ̀ pé “mo ti gbọ́” ló túmọ̀ sí. Mo ti rò pé ọrùn ló ń dun gbogbo ìlú. Mo ti fún ènìyàn méjì nínú ìpara tí mo fi ń ra ẹsẹ̀.

Nígbà tí dókítà ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán, Gàníyù padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, ó fi mí sílé opó kan tó ń gba aláìsàn sí yàrá, ní ìtòsí ilé ìwòsàn. Oṣù méjì ni dókítà ní kí n fi dúró kó lè máa yẹ̀ mí wò. Sárádà ni orúkọ opó náà. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ni Bíndù, olùkọ́ ìṣirò, ó ti tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Kò pẹ́ tí mo fi ń pe ìyá ní Ìyá Bíndù, tí àwọn méjèèjì sì ń pè mí ní Bàbá. Òyìnbó ni gbogbo wa ń sọ, tèmi ń tiro, tiwọn ń sáré. Yorùbá ni mo fi kọ ọ́ síhìn-ín kí gbogbo wa lè jọ gbádùn rẹ̀.

Ìwà wọn, oúnjẹ wọn

Àwọn ọkùnrin ibẹ̀ ń ró aṣọ funfun mọ́ ìdí bí obìnrin wa ṣe ń ró ìró. Tí ooru bá mú wọn tàbí tí omi bá kún ojú ọ̀nà, wọ́n á ká a sókè dé orúnkún. Ṣùgbọ́n tí àgbàlagbà bá ń bọ̀, wọ́n á yára tú u sílẹ̀ kó lè bo ẹsẹ̀. Ìdọ̀bálẹ̀ tiwọn nìyẹn. Bí mo ṣe mọ èyí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láràárọ̀ pẹ̀lú ọ̀pá mi láì ní ibi tí mò ń lọ, kí n ṣáà lè máa wo bí aṣọ ṣe ń já wálẹ̀ láti ìkóríta kan dé ìkejì.

Wọ́n wò mí débi pé mo ń yẹ ara mi wò bóyá mo gbàgbé ṣòkòtò sílé. Ọmọdé á fọwọ́ kan irun mi, ìyá rẹ̀ á bá a wí, lẹ́yìn náà ìyá á bi mí bóyá òun náà lè fọwọ́ kàn án. Mọ́sálásí wọn nìkan ni kò sẹ́ni tó bi mí pé níbo ni mo ti wá. Wọ́n kàn ní kí n sún mọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kí sààfù lè gún.

Àgbọn ni wọ́n fi ń se ọbẹ̀, òróró àgbọn ni wọ́n fi ń dín ẹja, òun náà ni wọ́n fi ń pa irun. Tí ẹ bá jókòó pẹ́ sójú kan, wọ́n á rin àgbọn lé yín lórí. Ìrẹsì wọn pupa, hóró rẹ̀ sanra bí ìka ọmọ ọwọ́. Lọ́jọ́ tí Sárádà gbé ẹ̀gẹ́ bíbọ̀ síwájú mi pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja tó ta tó sì kan, mo bi í pé ta ló kọ́ ọ ní oúnjẹ wa. Ó ní oúnjẹ ìlú òun ni. Mo ní irọ́ ni, tiwa ni. A jà á títí abọ́ fi gbẹ.

Sinimá inú ilé, sinimá ojú ọ̀run

Lọ́sàn-án, tí òjò bá ti sé wa mọ́lé, Sárádà á tan tẹlifíṣọ̀n, a ó máa wo fíìmù ní Màlàyálàmù, èdè wọn. Bíndù ló ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Fíìmù tiwọn yàtọ̀ sí èyí tí mo já tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ènìyàn inú rẹ̀ jọ ènìyàn: ikùn wọn yọ, wọ́n ń bá aládùúgbò jà lórí ọgbà, wọ́n ń wá awò ojú wọn kiri. Ohun tí wọ́n sì fẹ́ràn láti máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni ìgbàgbọ́ afọ́jú. Nínú ọ̀kan, baálé ilé kan gbẹ́ kànga mẹ́sàn-án nítorí pé ẹnì kan gbé àgbọn sí àtẹ́lẹwọ́, ó ní ibi tí àgbọn náà bá ti dìde dúró ni omi wà. Ilẹ̀ tán, omi kò jáde, bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù ni ìyàwó rẹ̀ ti ń pọnmi nílé kejì. Nínú òmíràn, àwọn ènìyàn ń fọ ẹsẹ̀ ẹni mímọ́ kan, wọ́n ń mu omi rẹ̀, títí ajá fi lé e gun igi. Nínú ẹ̀kẹta, ibà mú ọmọ kan, àwọn àgbà ilé jókòó, wọ́n ń wá ọjọ́ tó sunwọ̀n láti gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ìyẹn kò pa mí lẹ́rìn-ín. Mo mọ ilé tó jọ bẹ́ẹ̀ níhìn-ín, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Ọ̀tá inú fíìmù wọn kì í gbé ìbọn. Ohun tí gbogbo ilé ti gbà láì wádìí ni ọ̀tá.

Sárádà ló ń rẹ́rìn-ín jù. Á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà tí oníẹja bá ké lójú ọ̀nà, á dìde, á kọ́kọ́ wo kàlẹ́ńdà ara ògiri. Wákàtí kan ààbọ̀ wà lójoojúmọ́ tí wọ́n gbà pé kò dára láti dáwọ́ lé nǹkan kan, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sínú kàlẹ́ńdà. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni aago mẹ́ta sí mẹ́rin ààbọ̀ ọ̀sán. Tí oníẹja bá dé ní wákàtí yẹn, a ó jẹ ẹ̀wà.

Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí di ọjọ́ tí Bíndù sọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ fún mi. Tí wọ́n bá bímọ níbẹ̀, wọ́n á ya ìwé kan tó ń fi hàn bí ìràwọ̀ ṣe dúró lójú ọ̀run lọ́jọ́ náà. Tí wọ́n bá fẹ́ fẹ́ra, wọ́n á gbé ìwé ọkùnrin sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti obìnrin, wọ́n á wò ó bóyá wọ́n bára mu. Nínú ìwé Bíndù, ìràwọ̀ pupa kan jókòó síbi tí kò yẹ, wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ ẹ kò ní pẹ́ láyé. Ọkùnrin kan wà tó ti ń fẹ́ ẹ láti ọdún mẹ́fà, Ràájù. Ìyá ní òun kò ní gbà láéláé.

Ẹ má tíì pe ìyá náà ní òmùgọ̀. Ìràwọ̀ yẹn kan náà ló wà nínú ìwé tirẹ̀. Ìfẹ́ ló fi gbé e jù sẹ́yìn nígbà tí òun náà wà lọ́mọge. Bíndù kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ tí bọ́ọ̀sì kan fi gbá bàbá rẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Láti ọjọ́ náà ni Sárádà ti gbà pé òun lòun pa á.

Wọ́n sọ mí di oṣó

Iṣẹ́ Ràájù ni kí n rò fún yín báyìí. Fíìmù ló ń ṣe. Èyí tó sì ń ṣe lọ́wọ́ nígbà náà, ìtàn ìwé ìràwọ̀ ni, tó fi ń bú gbogbo àwọn tó gbà á gbọ́. Ilé Sárádà ló háyà láti ya apá kan rẹ̀. Ìyá gbà á bí ẹni tó ń háyà ilé, kò gbà á bí àna.

Ó rí mi ní ìta gbangba níbi tí mo jókòó sí pẹ̀lú ọ̀pá mi àti irùngbọ̀n mi, ó dúró sójú kan bí ẹni tó rí wúrà. Ó ní nínú ìtàn òun, oníjìbìtì kan gbé àgbàlagbà kan wá láti Áfíríkà, ó ń sọ fáwọn ènìyàn pé oṣó tó lè yí ìràwọ̀ padà ni. Mo bi í pé ṣé ènìyàn dúdú kì í ṣe dókítà nínú fíìmù wọn ni. Ojú tì í. Ó yára ṣàlàyé pé ọkùnrin náà kì í ṣe oṣó rárá, akọ̀wé tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni, òun náà ni á sì tú àṣírí oníjìbìtì yẹn níparí. Mo ní ó dáa, tí àṣírí bá ti máa tú, mo wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, gbogbo nǹkan ti wà nílẹ̀ láti aago mẹ́jọ, wọ́n ti kùn mí lójú. Kò sẹ́ni tó mira. Mo béèrè ohun tí a ń dúró dè. Wọ́n ní wákàtí burúkú ni, ó di aago mẹ́sàn-án. Nígbà tó lù, wọ́n tan fìtílà, wọ́n fọ́ àgbọn mọ́lẹ̀, wọ́n ki ọsàn wẹ́wẹ́ sábẹ́ táyà ohun tí wọ́n fi ń ti kámẹ́rà kiri. Mo bi Ràájù pé ṣé fíìmù tó fẹ́ bú àgbọn fífọ́ ni wọ́n fi àgbọn fífọ́ bẹ̀rẹ̀. Ó ní olówó tó gbé iṣẹ́ fóun ló fẹ́ ẹ. Mo bi olówó, ó ní nítorí ayàwòrán ni. Ayàwòrán ní tòun kọ́, àwọn oníná ni. Àwọn oníná ní Ràájù ni. Mo yí gbogbo wọn ká, n kò rí ẹnì kan ṣoṣo tó gbà á gbọ́ fúnra rẹ̀. Olúkúlùkù ń ṣe é nítorí ẹlòmíràn.

Ó kàn mí. Ràájù ní kí n sọ ohunkóhun lédè mi, kó ṣáà dẹ́rù bani. Ẹ gbà mí gbọ́, n kò mọ ọfọ̀ kankan. Fátíà ni mo mọ̀, n kò sì lè fi ìyẹn ṣeré. Kámẹ́rà ń wò mí. Ohun tó wá sí mi lẹ́nu ni ohun tí mo ń gbọ́ láràárọ̀ lójú fèrèsé mi nílé. Mo gbé ọ̀pá sókè, mo yí ojú po, mo fa ohùn láti ìsàlẹ̀ ikùn:

“Màpó, Bẹẹrẹ, Ọjà'ba. Agbení, Ògùnpa, Orítamẹ́rin. Pópó Yemọja, Bẹyẹrúnkà. Ẹ mú ṣéńjì yín lọ́wọ́. N kò ní ṣéńjì o. Ẹ má gbé ẹrù sí ẹsẹ̀ dírẹ́bà.”

Ẹni tó di iná mú fi ẹ̀yìn rìn títí ó fi kan ògiri. Láti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, mo rí Sárádà tó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀ níwájú àyà.

Sálúbàtà

Ibí ni ẹ̀bi mi ti bẹ̀rẹ̀. Lóòótọ́, kò sẹ́ni tó ń wọ bàtà wọlé níbẹ̀, ìta ni gbogbo ènìyàn ń bọ́ ọ sí. Sálúbàtà mi ní okùn lẹ́yìn. Ti ẹsẹ̀ òsì, mo lè bẹ̀rẹ̀ kí n tú u. Ti ọ̀tún, irin tuntun kò gbà. Mo bọ́ òsì sílẹ̀ síta, mo wọ ọ̀tún wọlé. Ọ̀kan nínú àwọn oníná rí mi, ó béèrè ìdí rẹ̀. Dípò kí n sọ pé ara ló dàgbà, mo ní ní ìlú wa, ẹni tó bá fi sálúbàtà òsì sílẹ̀ níta ti fi wàhálà síta nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì òun náà ṣe é. Tíkẹ́ẹ̀tì tó ta sí tẹ́tẹ́ ìjọba wọn jẹ. Ọjọ́ kẹrin, gbogbo òṣìṣẹ́ fíìmù náà ń fi ẹsẹ̀ kan tiro wọlé, sálúbàtà òsì wọn tò lọ bẹẹrẹ nínú òjò. Ajá àdúgbò kó méje lọ. Wọ́n ní méje yẹn ni wàhálà wọn pọ̀ jù. Aṣojúlóge, ẹni tó ń kùn wá lójú, wá bi mí nípa ẹ̀yìn tó ń dùn ún. Olówó fíìmù rán ẹnì kan pé kí n fọwọ́ kan àpótí owó òun. Ó dùn mọ́ mi, n kò lè purọ́. Ní ilé yìí Ìyá Gàní kì í gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ tí mo bá ní òjò ń rọ̀.

Ohun tí Ràájù bẹ̀ mí

Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ parí, Ràájù wá jókòó tì mí. Ó tú aṣọ rẹ̀ sílẹ̀ bo ẹsẹ̀ dáadáa, mo mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ ló bá wá. Ó ní Sárádà ti ń béèrè lọ́wọ́ òun bóyá Bàbá lè pe ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn sí ìwé ìràwọ̀ Bíndù, pé tí Bàbá bá pè é, òun á gbà kí wọ́n fẹ́ra.

Mo ní, “Ìwọ tí ò ń ṣe fíìmù yìí?”

Ó ní, “Bàbá, tí mo bá wà nídìí kámẹ́rà, n kò bẹ̀rù nǹkan kan. Tí mo bá dá wà ni ẹ̀rù ń bà mí. Ọdún mẹ́fà. Kì í ṣe ìyá rẹ̀ nìkan ni kò jẹ́ kí n fẹ́ ẹ.”

Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo gbà. Mo ti ń ro irú ọbẹ̀ tí màá ní kí wọ́n sè lọ́jọ́ ètùtù náà. Bíndù ló wá bá mi lẹ́yìn tó lọ. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti inú yàrá. Kò bínú, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù. Ó kọ́kọ́ béèrè ohun tí ọ̀rọ̀ mi ọjọ́ yẹn túmọ̀ sí. Mo sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Nígbà tó ṣe tán, ó nu ojú.

“Bàbá, ẹ má ṣe é. Tí mo bá bá irọ́ yín wọ ilé ọkọ, ọjọ́ tí orí bá fọ́ Ràájù, wọ́n á ní ọfọ̀ yín ti ń ṣá. Àti òun náà. Á máa wojú mi lójoojúmọ́ bóyá mo ti fẹ́ pa á.”

Mo gbé ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ kúrò lọ́kàn. Olùkọ́ ìṣirò ni.

Ọmọńlé

Lọ́jọ́ kejì, a jókòó ti oúnjẹ, èmi, Sárádà, Bíndù, àti Ràájù tí mo ní kó wá. Sárádà ti gbé ìwé ìràwọ̀ náà síwájú mi, ó fi aṣọ sílíkì wé e bí Kùránì. Mo sọ fún un pé n kò mọ nǹkan kan, pé irọ́ ni. Ó mi orí bí igbá ojú omi. Ó ní àwọn ńlá máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní sálúbàtà náà, irọ́ ni, ìbàdí mi ni kò tẹ̀. Ó ní oníná jẹ tẹ́tẹ́. Ẹ wò ó, gbogbo ayé mi ni mo fi ń wá ẹni tó máa gba irọ́ mi gbọ́. Ìgbà tí mo wá rí i tán, kò gba òtítọ́ mi.

Bíndù ló yọ fóònù. Ó ṣí àwòrán ìlú Ìbàdàn tó ní orúkọ àdúgbò lára, ó gbé e síwájú ìyá rẹ̀. Ó ní kí n pe ọfọ̀ náà díẹ̀díẹ̀. Mo pe Màpó, ó fi ìka kàn án. Mo pe Bẹẹrẹ, ó wà níbẹ̀. Ọjà'ba, ó wà níbẹ̀. Mo pe Pópó Yemọja, ìyá fúnra rẹ̀ ló rí i, tó ka lẹ́tà rẹ̀ jáde. Mo ṣàlàyé fún un pé àwọn tó ń pèrò sọ́kọ̀ ló ń ké bẹ́ẹ̀, pé ìyókù jẹ́ ọ̀rọ̀ ṣéńjì. Ràájù, tó ti ya gbogbo rẹ̀ sínú kámẹ́rà, la ẹnu sílẹ̀.

Sárádà ṣì ń wò mí bí ẹni tí mò ń dán wò. Mo wá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́: “Ìyá Bíndù, n kò lágbára kankan. Mo purọ́ fún yín.”

Ọmọńlé kan ké lára ògiri, kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀.

Sárádà fi ìka kan tábìlì. Ó ní, “Òtítọ́ ni.” Wọ́n gbà níbẹ̀ pé tí ọmọńlé bá ké lórí ọ̀rọ̀ ènìyàn, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́. Ẹ ò rí nǹkan. Àwòrán ìlú kò tó, ẹnu èmi tí mo purọ́ kò tó. Aláǹgbá inú ilé ló jẹ́rìí fún mi.

Ó wé ìwé náà padà sínú sílíkì. Ó ní ohun tí mo sọ yé òun, ṣùgbọ́n ọkọ òun kú.

Bíndù ní, “Bọ́ọ̀sì ló pa á, Ìyá. Òjò rọ̀, bíréèkì kò mú. Dírẹ́bà yẹn kò rí ìwé yín rí.” Ó wá yíjú sí Ràájù. “Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, màá jókòó síta láti aago mẹ́ta. Tí o bá fẹ́ fẹ́ mi, wá béèrè mi ní wákàtí yẹn, kó tó di mẹ́rin ààbọ̀. Tí o kò bá wá, n kò ní bínú, ṣùgbọ́n ó ti parí.”

Ìyá ní tó bá wá, òun kò ní sọ ohunkóhun mọ́. Ó fi kún un pé kò ní wá. Òun náà ti rí i tó mú ogójì ènìyàn dúró de aago.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Àwa mẹ́ta la jókòó síta. Bíndù gbé ìwé àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lé itan, ó ń máàkì. Láti aago mẹ́ta, ojú ìwé kan náà ló ń máàkì. Sárádà ń rin àgbọn tí kò sẹ́ni tó ní kó rin. Nígbà tó di mẹ́ta ààbọ̀, mo sọ ìtàn bí mo ṣe gun ẹkùn kọjá ní Agodi, kò sẹ́ni tó gbọ́. Ní aago mẹ́rin, òjò bẹ̀rẹ̀. Ojú ọ̀nà di odò. Mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bíndù ti ìwé pa, kò wo ọ̀nà mọ́.

Mẹ́rin ti kọjá ogún ìṣẹ́jú kí a tó rí i ní ìkóríta. Ẹsẹ̀ ló fi ń bọ̀, aṣọ funfun rẹ̀ ti ká sókè dé orúnkún, ó ń wọ́ odò náà. Ọ̀kadà rẹ̀ ti kú sínú omi lọ́nà. Ó dé ẹnu géètì, ó dúró. Ó dúró pẹ́. Láti ibi tí mo wà, mo rí i tó di irin géètì mú, kò ṣí i.

Sárádà ló dìde. Ó sọ ọ́ lédè wọn, Bíndù sì túmọ̀ rẹ̀ fún mi lẹ́yìn náà. Ó ní, “Ọ̀kadà ti kú, ṣé o rí i? Padà, ọmọ mi. Wá ní aago márùn-ún, màá gbà. Mo búra, màá gbà, ṣáà wá ní márùn-ún.”

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Ó ti fún un ní ọmọ. Wákàtí nìkan ló ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Ràájù ní, “Ìyá, tí mo bá padà, n kò ní lè wá mọ́.”

Ó ṣí géètì. Nínú omi tó dé ojúgun rẹ̀ yẹn, ó tú aṣọ rẹ̀ sílẹ̀ kó bo ẹsẹ̀ níwájú ìyá, aṣọ funfun náà rì sínú ẹrẹ̀. Nígbà tó dé ìdí àtẹ̀gùn, ó bọ́ sálúbàtà òsì. Lẹ́yìn náà ó bọ́ ọ̀tún. Ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó fi ẹsẹ̀ lásán gòkè wá, ó béèrè ọmọ.

Sárádà kò sọ ohunkóhun. Ó mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Ó wọlé lọ gbé aṣọ ìnura wá, ó ń nu orí rẹ̀ bí ẹni tó ń nu orí ọmọdé, ó ń sunkún, ó ń wo ojú ọ̀nà bóyá bọ́ọ̀sì ń bọ̀.

Bẹyẹrúnkà

Fíìmù náà ti jáde níbẹ̀. Gàníyù fi apá tèmi hàn wá lórí fóònù, gbogbo agbo ilé rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀, àfi Alàájì ilé kejì. Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní tí ọfọ̀ náà kò bá ní agbára kankan, kí ló dé tí ẹ̀rù fi ba àwọn ará ibẹ̀. Mo ní kó máa lọ sílé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Bíndù fi fọ́tò ẹnu ọ̀nà ilé wọn ránṣẹ́, ti òun àti Ràájù. Sálúbàtà mẹ́rin ló wà níbẹ̀, méjì ọkùnrin, méjì obìnrin. Ohun tó kọ sábẹ́ rẹ̀ ni pé: “Bàbá, ọ̀fìnkìn mú ọkọ mi. Kò tíì kú. Ìyá ń se àgbo.”

Mo fi han Ìyá Gàní. Ó wo fọ́tò náà pẹ́. Lẹ́yìn náà ó wo ẹnu ọ̀nà wa, níbi tí sálúbàtà òsì mi dá wà lórí òkúta, nínú oòrùn, bó ṣe máa ń wà láti ọjọ́ tí mo ti dé.

Ó ní, “Tiyín ńkọ́?”

Mo ní ẹsẹ̀ ni kò tẹ̀. Ó ní òun rí mi láàárọ̀ tí mo bẹ̀rẹ̀ mú ẹyọ obì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Òótọ́ ni. Ó ti tó oṣù kan tí ìbàdí mi ti ń tẹ̀. N kò mọ ohun tí mo ń dúró dè. Ara mi ti dá, n kò ṣubú láti Kérálà dé ibí, mo kàn rò pé kí ló dé tí màá fi yí ohun tó ń lọ dáadáa padà.

Mo dìde, mo lọ gbé e wọlé. Mo jókòó sórí àga, mo gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkejì rẹ̀ tó wà lẹ́sẹ̀ ọ̀tún mi, mo ń dúró de ohun tó máa ṣẹlẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé Ìyá Gàní na ìgbálẹ̀ sí mi, ó ní kí n gbá iyẹ̀pẹ̀ tí mo kó wọlé.